Aṣọ Pupa Tí Bàbá Mi Kò Lè Tẹ́

Ẹni tó bá ń wá ẹni tí yóò dá lẹ́bi, kó má wulẹ̀ rìn jìnnà. Mo gbọ́ pé àwọn kan ń sọ ní Kàbà pé òyìnbó ló ba iṣẹ́ bàbá mi jẹ́, àwọn mìíràn ní ará Jàpáànù ni. Ọ̀rọ̀ ẹnu lásán. Èmi Ọmọ́ṣọlá, ọmọ bíbí inú Ọlábímtán, èmi ni mo wà nídìí ọ̀rọ̀ náà, èmi náà ni n ó sì sọ ọ́, kí àwọn tí kò mọ ìdajì rẹ̀ lè pa ẹnu wọn mọ́.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ irú ẹni tí bàbá mi jẹ́. Ó ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ẹnu rẹ̀ sì mú bí abẹ. Ìyá rẹ̀ bí i nígbà tí àwọn ènìyàn wa ṣì ń sá gun orí òkè nítorí ogun àwọn Tápà. Ó máa ń sọ pé láti orí àpáta ni wọ́n ti gbé òun sọ̀kalẹ̀, ìdí nìyẹn tí òun kò fi bẹ̀rù ẹnikẹ́ni tó bá dúró lórí ilẹ̀ pẹrẹsẹ. Ó ń bá àlùfáà ìjọ jà, ó ń bá àwọn tó ń la ọ̀nà mọ́tò jà, ó ń bá ewúrẹ́ aládùúgbò jà. Bí ọjọ́ Ìsinmi bá dé, ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì ló ń jókòó sí, kó lè tètè dìde bí ìwàásù bá gùn jù. Síbẹ̀, bí ó bá ti wọ inú àgọ́ òfì rẹ̀, ẹ ò ní gbọ́ ohùn rẹ̀ mọ́ títí oòrùn yóò fi wọ̀.

Ní ọ̀dọ̀ wa ní Bùnù, obìnrin ló ń hun aṣọ funfun àti aṣọ aláró. Èmi náà ń hun ún, nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, níbi tí ẹni tó ń kọjá lọ á ti kí mi ní “Òkun o” bí a ṣe ń kíni lọ́dọ̀ wa, á sì jókòó bá mi tàkúrọ̀sọ. Ṣùgbọ́n aṣọ pupa yàtọ̀. Ọkùnrin ló ń hun ún, aṣọ òkú sì ni. Bí àgbà tó tó àgbà bá kú, iwájú ilé rẹ̀ ni wọ́n ń ta á sí, láti abẹ́ òrùlé dé ilẹ̀, kí gbogbo ayé mọ̀ pé ẹni ńlá ló lọ. Ní gbogbo agbègbè wa, bàbá mi nìkan ló kù tó ń hun irú tirẹ̀. Àwọn ará Kàbà ń wá, àwọn ará Ìyàrá ń wá, wọ́n ń wá láti Ayétòrò-Gbẹ̀dẹ̀.

Ẹ̀yìn ilé ni àgọ́ náà wà, imọ̀ ọ̀pẹ ló fi ṣe ògiri rẹ̀, obìnrin kì í sì í wọ ibẹ̀. Òwú pupa yẹn, kò sí ewé tàbí èèpo igi tó ń fún wa ní irú àwọ̀ bẹ́ẹ̀. Kúbùsù pupa tó ń wá láti òkè òkun ni bàbá mi ń rà ní Lọ́kọ́ja, á tú u ní fọ́nrán fọ́nrán, á tún un lọ́, á wá fi hun tirẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé òwú òyìnbó ni, á wo onítọ̀hún tìkà-tẹ̀gbin, á ní, “Ilẹ̀ tí o fi mọ ilé rẹ, ṣé ìwọ lo dá a?”

Èèwọ̀ kan wà níbẹ̀ tí a kì í fi í ṣeré. A kì í tẹ́ aṣọ náà níbi tí kò bá ti sí òkú. Bí bàbá mi ṣe ń hun ún ló ń ká a, bó bá sì parí, inú ẹní ni yóò wé e sí. Ẹni tó bá wá gbà á, orí ni yóò fi rù ú lọ, kò gbọ́dọ̀ tú u wò lọ́nà. Ẹni tó bá tẹ́ ẹ níbi tí gbogbo ènìyàn ti wà láàyè, ikú ló tẹ́ ẹní fún, ikú yóò sì wá jókòó. Láti kékeré la ti mọ̀ bẹ́ẹ̀. Wọ́n ti ṣe ìrìbọmi fún mi, mo mọ orin ìjọ lórí, síbẹ̀ n kò jiyàn èyí rí.

Ẹ̀gbọ́n mi Thomas nìkan ni ọkùnrin tí bàbá mi bí. Iṣẹ́ kùsà ló gbé e lọ sí Jọ́ọ̀sì, ó sì lo ọdún márùn-ún níbẹ̀. Nígbà tó padà wálé lọ́dún 1954, ikọ́ ló kó bọ̀. Ó ní òun kò fẹ́ kú sínú ihò. Bàbá mi kò bi í ní ìbéèrè kankan, ó kàn gbé àpótí ìjókòó kan sí ẹ̀gbẹ́ tirẹ̀ nínú àgọ́. Kò pẹ́ tí a fi ń gbọ́ ẹ̀rín àwọn méjèèjì láti ẹ̀yìn ilé, èmi tí n kò sì gbọ́ ẹ̀rín bàbá mi látìgbà tí ìyá mi ti kú, mo ń dúró nídìí ààrò mo ń tẹ́tí.

Ṣùgbọ́n Thomas kì í fi ọ̀rọ̀ bọpo bọyọ̀. Ó sọ ọ́ lójú mi. “Bàbá, bí iṣẹ́ yìí yóò bá dúró, màá dúró tì í. Bí kò bá ní dúró, ẹ má jẹ́ kí n fi ìyókù ọjọ́ ayé mi ṣòfò. Ẹ ò rí aṣọ Jàpáànù tó kún ọjà Kàbà? Lónìí ìró ni wọ́n ń fi ẹ̀rọ ṣe. Lọ́la ńkọ́?”

Bàbá mi ní, “Wọn ò lè ṣe tèmi.”

“Kí ni kò ní jẹ́ kí wọ́n ṣe é?”

Bàbá mi dìde, ó padà sínú àgọ́. Ohun kan ṣoṣo tó kù tó ń fẹ́ láyé nìyẹn: kí Thomas gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀, kó má bá òun wọ ilẹ̀.

Ọkọ mi Samuel ló mú ìròyìn wá. Tíṣà ni, ilé ìwé ìjọ ní Kàbà ló ti ń kọ́ni, gẹ̀ẹ́sì sì yọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu. Oṣù kẹta ọdún 1955 ni. Ó ní òyìnbó kan ń bọ̀ láti Kàdúná. Ìjọba ń bá Jàpáànù ṣe àdéhùn ọjà, irú ẹrù tí wọ́n lè kó wọ ilẹ̀ wa àti irú èyí tí wọn kò gbọ́dọ̀ kó wọlé. Wọ́n fẹ́ mọ àwọn aṣọ tó jẹ́ ti ìbílẹ̀ wa gan-an, kí wọ́n kọ ọ́ sínú àdéhùn náà pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ fi ẹ̀rọ ṣe irú wọn wá tà fún wa. Kí olúkúlùkù ahunṣọ mú tirẹ̀ wá sí gbàgede kọ́ọ̀tù ní Kàbà. Wọn yóò gé e ní ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan, wọn yóò lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìwé. Èyí tó bá wà nínú ìwé ni òfin yóò ṣọ́. Samuel ni wọ́n sì ní kó wá ṣe ògbifọ̀.

Inú Thomas dùn, ó fò sókè. “Bàbá, ẹ wá gbọ́! Ohun tí mò ń wí nìyí!”

Oyún oṣù méje wà nínú mi nígbà náà, ilé bàbá mi ni mo sì wà nítorí ìdí oyún ọ̀hún. Mo ti bí méjì ṣáájú. Èkíní lo ọjọ́ mẹ́sàn-án. Èkejì ti ń rákò kí ó tó lọ. Ẹni tí kò sin ọmọ rí lè máa rò pé òun mọ ohun tí mò ń sọ. Kò mọ̀ ọ́n.

Lọ́sàn-án ọjọ́ tó ṣáájú ìpàdé, gbogbo wa jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Samuel ló bẹ̀rẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ fún bàbá mi kó tó sọ̀rọ̀. “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́. Bí wọ́n bá kọ gbogbo aṣọ yòókù tí wọn ò kọ tiyín, kí la tún lọ ṣe níbẹ̀?”

“Sámúẹ́lì, ọmọ mi, o mọ ìwé, o ò mọ ẹní. Tí mo bá tú ẹní yẹn níwájú òyìnbó, òkú ta ni mo fẹ́ wí pé mo ń sin?”

Thomas gbà á lẹ́nu rẹ̀. “Àtẹ́lẹwọ́ kan péré ni wọ́n fẹ́, Bàbá. Ẹ gé e nínú àgọ́, ẹ fi ewé di í. Àtẹ́lẹwọ́ kan kì í ṣe títẹ́.”

Bàbá mi ń họ àgbọ̀n rẹ̀, ó ń wo ilẹ̀, ó sì wo Thomas, ọmọ rẹ̀ tó padà wá bá a. Ó fẹ́ gbà. Mo fi ojú ara mi rí i pé ó fẹ́ gbà.

Mo wólẹ̀ sórí eékún, tòun ti oyún inú mi. “Bàbá, òyìnbó yóò tú ewé yẹn, yóò lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìwé, yóò ṣí i sílẹ̀ gbayawu, níbi tí èmi ọmọ yín tó lóyún wà. Mo ti sin méjì. Mo bẹ̀ yín ní orúkọ ìyá mi tó wà nílẹ̀, ẹ má pe ikú wá bá ẹ̀kẹta.”

Ẹkún ni mo fi parí rẹ̀. Bàbá mi na ọwọ́, ó fà mí dìde.

“Dìde, ilẹ̀ tutù.” Ó yíjú sí àwọn ọkùnrin méjèèjì. “Ẹ ti gbọ́ ohun tó wí. Àwọn àgbà ló ní èèyàn laṣọ. Èyí tí a fi ọwọ́ hun, ọwọ́ lè tún òmíràn hun. Ọ̀rọ̀ tán.”

Thomas dìde, ó jáde lọ, kò sì jẹun nílé lọ́jọ́ náà.

Ní ọjọ́ kejì, a gba Kàbà lọ. Òyìnbó náà kì í ṣe ènìyàn burúkú, n kò ní purọ́ mọ́ ọn. Òógùn bò ó, ó sì ní ìwé ńlá kan tí ẹ̀yìn rẹ̀ le bí pákó. Obìnrin tó mú aṣọ wá lé ní ogún. Ó ń pe wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ń wo ojú aṣọ, ó ń wo ẹ̀yìn rẹ̀, ó ń béèrè orúkọ rẹ̀ àti ohun tí a fi ń ṣe, Samuel ń gbifọ̀, ó ń kọ ọ́. Ó gé lára aṣọ aláró tèmi pẹ̀lú, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú ewé kẹta, ó sì rẹ́rìn-ín sí mi. Mo rántí pé mo yangàn díẹ̀. Ẹ ò rí mi bí!

Nígbà tí gbogbo obìnrin tò tán, òyìnbó náà gbé orí sókè, ó béèrè bóyá ó kù. Samuel yí i sí Yorùbá, ó rọra sọ ọ́, ojú rẹ̀ kò sì kúrò lára bàbá mi. “Ó ní, ṣé ó ti tán? Ṣé kò sí aṣọ mìíràn tí ẹ ń hun ní Bùnù?”

Bàbá mi dúró sí ẹ̀yìn èrò, ó káwọ́ sẹ́yìn. Ó wo Thomas. Ó wo ikùn mi.

“Ó ti tán,” ló wí.

Samuel dúró díẹ̀, bí ẹni ń retí pé kó yí ọ̀rọ̀ padà. Kò yí i padà. Ọkọ mi bá sọ ọ́ ní gẹ̀ẹ́sì, òyìnbó kọ ọ́ sílẹ̀, ó ní kí Samuel fọwọ́ sí i, ó sì pa ìwé dé.

Ọ̀sẹ̀ kẹsàn-án lẹ́yìn ìyẹn ni mo bí Cecilia. Ó ké kí ara rẹ̀ tó kúrò lára mi tán. Ó lo ọjọ́ mẹ́sàn-án, ó lo ogójì ọjọ́, ó rákò, ó dìde dúró. Inú mi dùn débi pé n kò rántí aṣọ kankan. Bàbá mi a máa gbé e kọ́ èjìká kiri abúlé, a máa bá a sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bá ẹgbẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Thomas ṣì jókòó sí ìdí òfì, ó ń retí bóyá aṣọ pupa á lè là á já láìsí ìwé.

Lọ́dún 1956, ọlọ́rọ̀ kan kú ní Kàbà, ẹni tó ń ra ekùrọ́ àti ẹ̀pà jọ nígbà ayé rẹ̀. Aṣọ bàbá mi ni wọ́n ta sí iwájú ilé rẹ̀. Bàbá mi lọ, Thomas lọ, èmi náà pọn Cecilia lọ. Àjèjì ọkùnrin kan wà níbẹ̀, aṣojú ilé iṣẹ́ kan tó ń kó aṣọ wá sí Èkó láti òkè òkun. Ó gbé kámẹ́rà kọ́rùn, ó sì ní bébà àti pẹ́ńsùlù aláwọ̀ lọ́wọ́. Ó ti ń wo aṣọ náà tipẹ́ kó tó béèrè ẹni tó ni ín, wọ́n sì nawọ́ sí bàbá mi.

Ẹ̀yin ará, òkú wà nílé. Èèwọ̀ ti kúrò níbẹ̀. Ohun tí bàbá mi ti ń fi pamọ́ sínú ẹní láti ọjọ́ ayé rẹ̀, ó lè fi han ẹnikẹ́ni lọ́jọ́ yẹn. “Sún mọ́ ọn!” ló ń pariwo. “Fọwọ́ kàn án! Wo ibi tí òwú ti pàdé òwú!” Afẹ́fẹ́ ń fẹ́ aṣọ náà, bàbá mi bá di etí aṣọ mú gírígírí kí ọkùnrin náà lè rí i yà dáadáa. Gbogbo ilà rẹ̀ pátá ló yà. Ó ka fọ́nrán rẹ̀. Ó ya fọ́tò rẹ̀, ó sì ya ti bàbá mi mọ́ ọn, bàbá mi dúró ṣánṣán, ó ń rẹ́rìn-ín.

Odindi oṣù kan ni bàbá mi fi ń ròyìn ọkùnrin yẹn fún wa, pé ẹni tó mọ iṣẹ́ ni, pé ó bọ fìlà fún òun. Kò sí ẹyọ ẹnìkan nínú wa tó fura, títí kan Samuel tó mọ ìwé. Ẹni tó fẹ́ bá wa ti ilẹ̀kùn, a kò fi yàrá hàn án. Ẹni tó wá kó ẹrù, àwa la bá a di ìtùfù mú.

Ó ku oṣù méjì kí Kérésìmesì ọdún 1957 dé nígbà tí mo lọ sí ọjà Kàbà. Rebecca aláṣọ pè mí. “Ìyá Cecilia, wá wo ohun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, ìdì rẹ̀ ni mo ń tú yìí.” Ó gbé e lé orí àtẹ, ó tẹ́ ẹ.

Aṣọ bàbá mi ni. Àǹkárá ni wọ́n fi ṣe é, ojú kan ṣoṣo ni wọ́n tẹ àwọ̀ sí, ó ń dán, ó ń rùn bí oògùn kòkòrò, ṣùgbọ́n ilà kan kò yẹ̀ níbẹ̀. Àní ibi kan tí bàbá mi máa ń gbé òwú dúdú méjì sí dípò mẹ́ta, nítorí pé bàbá tirẹ̀ ló kọ́ ọ bẹ́ẹ̀, méjì ni wọ́n gbé síbẹ̀.

Àwọn ìyá àgbà méjì tó wà nítòsí fò sẹ́yìn. “Èèwọ̀ Ọlọ́run! Ta ló kú?” Rebecca bú sẹ́rìn-ín, ó ní kò sẹ́ni tó kú, aṣọ ọdún ni. Èmi di Cecilia mọ́ra, mo sáré kúrò lọ́jà bí ẹni tí ẹhànnà ń lé.

Mo sì ń dúró de ikú. Mo sọ fún ara mi pé ó di dandan kó wá, wọ́n ti tẹ́ ẹní fún un láàárín ọjà. Bí Cecilia bá sín lásán, oorun kò ní kùn mí mọ́. Kérésìmesì dé, àwọn ọmọbìnrin ẹgbẹ́ akọrin wọ aṣọ òkú kọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì, olórí wọn tiẹ̀ fi àṣẹ́kù rẹ̀ wé orí. Wọ́n jó, wọ́n jẹ ìrẹsì, wọ́n lọ sílé. Ẹnikẹ́ni kò kú. Kò sí ẹyọ ẹnìkan tó kú! Ìyẹn ló dùn mí jù. Bí ikú bá ti pa ẹnìkan, n bá rí nǹkan sọ fún Thomas.

Samuel mú bàbá mi lọ sí ọ́fíìsì ìjọba, èmi náà tẹ̀ lé wọn. Akọ̀wé kan tó dé fìlà pupa gbé ìwé ńlá yẹn jáde. Ó ń ṣí i léwé léwé. Nígbà tó dé ojú ewé kẹta, mo rí aṣọ aláró tèmi, ó lẹ̀ típẹ́típẹ́, àwọ̀ rẹ̀ kò ṣá. Òfin ń ṣọ́ tèmi o. Ó ṣí i títí dé òpin.

“Bàbá, aṣọ yín ò sí níbí.”

“Èmi ni mo hun ún. Bàbá mi ló kọ́ mi. Wo ọwọ́ mi.” Ó na ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sórí tábìlì. Òwú pupa ti kùn ún láti ọdún gbọọrọ wá, ọṣẹ kì í fọ̀ ọ́.

Akọ̀wé náà wò ó, mo sì rí i pé àánú ṣe é. “Bàbá, ìwé ni òfin mọ̀, kò mọ ọwọ́. Wọ́n bi yín nígbà náà bóyá ó kù, ẹ ní ó ti tán. Ó wà níbí. Ògbifọ̀ fọwọ́ sí i.” Ó fi ìka tọ́ka sí orúkọ Samuel. Ọkọ mi gbójú sílẹ̀.

“Ẹ bá mi kọ ọ́ sí i.”

“Wọ́n ti tọwọ́ bọ̀wé àdéhùn náà lókè òkun. Ó di ọdún mẹ́wàá kí wọ́n tó tún un wò.”

Bàbá mi rẹ́rìn-ín. Ẹni tó ti súnmọ́ àádọ́rin ọdún! “Ọdún mẹ́wàá,” ló wí, ó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ akọ̀wé. Ọkùnrin tó ń bá ewúrẹ́ jà, ó dúpẹ́, ó jáde. Mo sáré bá a lójú ọ̀nà, mo ní, “Bàbá, ẹ bú mi. Ẹ gbá mi létí. Ẹ sọ nǹkan sí mi.”

“Kí ni kí n bú ọ fún? Gbé ọmọ rẹ síbi òjìji, oòrùn ń pa á.”

Lóṣù tó tẹ̀ lé e, àwọn ará Ìyàrá kan tó ti ní kí bàbá mi hun aṣọ fún òkú àgbà wọn ránṣẹ́ pé kó má ṣèyọnu, àwọn ti rí i rà lọ́jà. Ìdajì rẹ̀ ti wà lórí òfì. Thomas mú ọ̀bẹ, ó gé gbogbo òwú náà já láti òkè, ó sì di ẹrù rẹ̀. Ẹnu ọ̀nà ló ti bá mi, mo ń fún Cecilia ní ẹ̀kọ mu.

“Ìwọ rí ọmọ tìrẹ gbé,” ló wí fún mi. “Bàbá ńkọ́? Kí ló rí gbé?”

Inú bí mi, mo fẹ́ kí n bú u. Ta ló sin ọmọ méjì nínú àwa méjèèjì? Ṣùgbọ́n ó ti ń wúkọ́ lọ sójú ọ̀nà, mo sì mọ ibi tó ń lọ àti ohun tí ihò yẹn yóò ṣe fún un. N kò pè é padà.

Bàbá mi kò hun nǹkan kan mọ́. Á wọ inú àgọ́ láàárọ̀, á jókòó ti òfì òfìfo, á jáde nírọ̀lẹ́. Àlùfáà wá sọ ọ̀rọ̀ kan tó yẹ kó bí i nínú, ó ní àṣà kèfèrí ti dópin, kí a dúpẹ́. Bàbá mi kàn ń wò ó. Ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé ó ń lọ. Ọyẹ́ ọdún 1958 ló mú un lọ, kúbùsù pupa kan tí kò tíì tú ló fi bora.

Thomas dé láti Jọ́ọ̀sì lọ́jọ́ kẹta tí a ránṣẹ́ sí i, ó ti gbẹ, ẹ̀jẹ̀ sì wà nínú aṣọ ìnujú rẹ̀. Ó gbé ìdì kan sílẹ̀, ó tú u. Ọ̀pá méjìlá àǹkárá pupa ni. Kò fi ṣe yẹ̀yẹ́ o. Ó sunkún bó ti ń tú u. Ó ní, “Kò sí òmíràn, Ọmọ́ṣọlá. Gbogbo èyí tí Bàbá hun ti bá olówó lọ. Kí ni a fẹ́ ta sí iwájú ilé?”

Mo ní kí a fi ògiri sílẹ̀ ní òfo. Àwọn ẹbí kọ̀. Wọ́n ní ilé tí kò ní aṣọ, ilé olè ni, tàbí ilé ẹni tó kú ikú burúkú. Bẹ́ẹ̀ ni Thomas gun àkàbà, èmi sì di ìdí àkàbà mú fún un, a ta aṣọ ọjà sí iwájú ilé Ọlábímtán.

Nígbà tó di ọ̀sán, ẹgbẹ́ bàbá mi kan dé láti Ọ̀llẹ̀, Ọlọ́runlékè ni orúkọ rẹ̀. Ojú rẹ̀ ti ń fọ́, ọ̀pá ló fi ń wá ọ̀nà. Ó rí pupa náà láti òkèèrè, ó dúró, ó gbé ọ̀pá sókè.

“Háà! Ọlábímtán! Ó hun tirẹ̀ sílẹ̀ kó tó lọ! Àbí òun kọ́? Ọmọ́ṣọlá, ta ló hun ún?”

Gbogbo ènìyàn wò mí. Mo ní, “Òun ni, Bàbá. Òun ló hun ún.”

Ó rìn dé ìdí ògiri, ó na ọwọ́ sí aṣọ náà láti bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ ṣe ìdágbére. Ìka rẹ̀ ń yọ̀ lórí rẹ̀, kò rí òwú kankan dì mú. Ó ṣẹ́ etí aṣọ náà padà, ó gbé e sún mọ́ ojú rẹ̀ gan-an, ó wo ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹ̀yìn rẹ̀ funfun. Ó rọra fi í sílẹ̀, ó lọ jókòó láàárín àwọn tó kù, kò sì bá mi sọ̀rọ̀ títí a fi sin bàbá mi tán.